Obì tí Ìyá wa jẹ kí wọ́n tó ya àwòrán ọkàn rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti oyè, kì í sì í ṣe ti ìbò. Ọ̀rọ̀ Ìyá wa ni, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ scanner tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn. A kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lè kan ilé yín lọ́la, àti nítorí pé àwa fúnra wa ṣe àṣìṣe kan tí a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe.

Àwa mẹ́ta ni Ìyá bí. Ọ̀kan ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní Kétu, ọ̀kan ń ṣòwò ní Kútọnu, ọ̀kan wà ní Èkó. Bàbá wa ti lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó lọ, ó ní àyà ń fún òun, a ní ata ló jẹ jù. A fún un ní àgbo, ó mu ún, ó sùn. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bá ti fọwọ́ di àyà mú, oorun ti dá lójú wa nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí òun bá gbé garawa omi láti ìdí ẹ̀rọ dé ilé, àyà òun á le pinpin, á sì ta dé apá òsì, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ata. A gbé e lọ bá dókítà ọkàn ní Kútọnu. Dókítà gbọ́ ọ dópin, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó so okùn mọ́ ọn láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ní kí a lọ ṣe scanner ọkàn. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra rẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá ọ̀rá tàbí nǹkan líle bí ẹfun ti ń dí wọn.

Ìyá ní òun kò ṣe.

Kì í ṣe pé ó ṣe agídí lásán. Nígbà tí zém gbé e ṣubú ní ọjọ́sí, wọ́n ṣe scanner orí fún un. Nígbà tí inú ń dùn ún, wọ́n tún ṣe ti inú. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà wá sọ fún un pé ìtànṣán inú ẹ̀rọ náà a máa jó ẹ̀jẹ̀ èèyàn, pé ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹjẹrẹ ni yóò fi gbà. Ìyá wò wá lójú, ó ní: “Ẹ ti gbé mi wọ inú ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó sin mí.”

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ọmọ lórí tẹlifóònù. Èyí tó wà ní Èkó ní Ìyá kò parọ́, ìtànṣán kì í ṣe ohun ìṣeré. Èyí tó wà ní Kútọnu bú sẹ́kún, ó ní ṣé kí Ìyá náà lọ bí Bàbá ṣe lọ? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, a fi ariwo sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ̀, a sì ń kàwé. Ohun tí a rí rèé.

Ìtànṣán tí scanner ń lò kò yàtọ̀ sí ti fọ́tò àyà tí gbogbo wa ń pè ní radio. Röntgen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Scanner ní tirẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Godfrey Hounsfield ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní London. Ẹni tó ti ṣe ìṣirò irú iṣẹ́ yìí ṣáájú ni Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lé e lórí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀rọ tí Ìyá ń sá fún.

Radio a máa ya àwòrán kan ṣoṣo. Scanner a máa yí èèyàn po, á sì ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti gbogbo ìhà. Ìdí nìyí tí ìtànṣán rẹ̀ fi pọ̀ ju ti radio lọ. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara èèyàn ni millisievert, tí wọ́n ń kọ ní mSv. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, òfuurufú tó wà lókè wa, àti oúnjẹ tí a ń jẹ náà ń fún wa ní ìtànṣán díẹ̀díẹ̀. Bí a bá pa ti gbogbo ayé pọ̀, ó tó nǹkan bí 2.4 mSv fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Radio àyà kan kì í sábà ju 0.1 mSv lọ.

Scanner ọkàn wá ńkọ́? Ní ọdún 2007, àwọn dókítà wo ilé ìwòsàn 50 káàkiri ayé, pẹ̀lú àwọn aláìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2000. Iye tó bọ́ sí àárín jẹ́ nǹkan bí 12 mSv. Ní ọdún 2017, wọ́n tún wò ó ní ilé ìwòsàn 61 ní orílẹ̀-èdè 32, àwọn aláìsàn ju 4500 lọ. Iye àárín ti wálẹ̀ sí 2.7 mSv, àwọn àwòrán tí kò ṣeé kà kò sì tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwádìí kejì yìí tó bà wá lẹ́rù. Láàárín ilé ìwòsàn tó ń lo ìtànṣán tó kéré jù àti èyí tó ń lo èyí tó pọ̀ jù, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 37. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe o, lórí ọkàn ọmọ èèyàn kan náà.

A tún bèèrè nípa jẹjẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn Ìyá. Ìjọba Amẹ́ríkà ní iléeṣẹ́ kan tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ìṣirò tiwọn ni pé bí èèyàn 2000 bá wà, bí 400 nínú wọn ni jẹjẹrẹ yóò pa láìjẹ́ pé wọ́n ṣe scanner kankan. Bí gbogbo àwọn 2000 náà bá gba 10 mSv, 400 lè di 401. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò pa èèyàn, àmọ́ a kò sì lè sọ pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún lágbára fún ọmọdé àti fún ọ̀dọ́bìnrin tí ọmú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ìtànṣán náà.

Ní apá kejì, ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n tẹ̀lé àwọn tó lé ní 4000 tí àyà ń dùn, fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Lára àwọn tí wọ́n ṣe scanner ọkàn fún, 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn ọkàn pa tàbí tí ọkàn wọn dá gìrì. Lára àwọn tí wọn kò ṣe é fún, ó jẹ́ 3.9. Ẹ̀rọ náà kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí dókítà mọ ẹni tó yẹ kó fún ní oògùn, kó sì fún un ní àsìkò.

Èyí tó wà ní Kétu ló mú ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò dárúkọ mSv. Ó ní: “Ìyá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń ná ọjà. Ẹ kì í sọ pé torí pé ọjà lówó lórí, ẹ kò ní rà á. Ẹ máa ń bèèrè pé èló ni, ṣé ó wúlò fún mi, ṣé kò ní í dín? Ìtànṣán yẹn ni owó ọjà yìí. Ọjà tí a fẹ́ rà ni kí a mọ ohun tó ń ṣe yín.”

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ lọ bá mi ná an dáadáa nígbà náà. Wọn ò gbọdọ̀ gba owó gọbọi lára mi.”

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè wa yí padà. A kò bi ara wa mọ́ pé ṣé kó ṣe é tàbí kó má ṣe é. Ohun tí a ń bèèrè ni pé báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é.

Wọ́n fún wa ní ọjọ́. Wọ́n ní kí Ìyá má jẹun láàárọ̀, kó má sì mu kọfí. A ní kò burú, Ìyá kì í mu kọfí rárá. A jí ní òru, a wọ mọ́tò, a gba Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kọjá. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni Ìyá tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú obì jáde, ó ṣe àdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Àwa náà ń dáhùn pé àṣẹ, àmín. Ta ló máa rí àìdáa nínú obì àdúrà?

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n so okùn mọ́ Ìyá láyà. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 94 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà wò ó, ó mi orí. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ò ní lè ṣe é lónìí bí ọkàn yín ṣe ń sáré yìí.”

Ará, ojú ń tì wá bí a ti ń kọ èyí. A fi ìbínú sọ fún un pé láti Kétu ni a ti wá, pé a ti sanwó, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ bọ́tìnnì kí a máa lọ. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ká owó sí ọwọ́, ó fẹ́ fi bọ àpò rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rọra ti ọwọ́ náà padà. Kò jágbe mọ́ wa. Ó ní kí a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bi wá pé:

“Ṣé ẹ ti fi tẹlifóònù ya fọ́tò onílù rí? Bó bá ń lù ú kíkankíkan, ọwọ́ rẹ̀ á dà bí èéfín nínú fọ́tò. Àmọ́ bó bá ń lù ú jẹ́jẹ́, ìgbà kan máa ń wà láàárín ìlù kan àti òmíràn tí ọwọ́ náà ń sinmi. Bí ẹ bá yà á nígbà yẹn, ẹ ó rí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọkàn náà ṣe rí nìyẹn. Bó bá ń lù ní nǹkan bí ìgbà 60, ẹ̀rọ á máa wo okùn àyà yìí, á tan ìtànṣán ní ìgbà ìsinmi yẹn nìkan, á sì pa á. Ní ìgbà 94, ìsinmi náà ti kúrú jù. Mo máa ní láti jẹ́ kí ìtànṣán tàn látìbẹ̀rẹ̀ ìlù dópin, kí n tó wá ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀. Ohun tí Màmá máa gbà lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwòrán náà sì tún lè ṣe bàìbàì, kí wọ́n ní ká tún un ṣe. Ṣé owó tí ẹ fẹ́ kí Màmá fi ara rẹ̀ san nìyẹn?”

A kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ọjà tí a fi tu Ìyá nínú nílé ló tún ń sọ fún wa yìí, àwa la sì fẹ́ kó gba gọbọi.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ìyá. Ṣé ó mu kọfí? Rárá. Tíì ńkọ́? Rárá. Ibẹ̀ ló ti rí eyín Ìyá. “Màmá, ṣé ẹ jẹ obì ni?” Ìyá ní: “Obì nìkan ni, ọmọ mi. Obì kì í ṣe oúnjẹ.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan òun náà. Ó wá ṣàlàyé pé ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, òun gan-an ló wà nínú obì, ó sì lè mú ọkàn sáré. Ìbẹ̀rù àti àìsùn náà dá kún un. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, òun náà kò ní í sọ pé ẹ má mu kọfí kí òun tó fi obì kún un.

Ìyá sùn sí ọ̀dọ̀ èyí tó wà ní Kútọnu fún ọjọ́ méjì, kò fẹnu kan obì. Kò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kíndìnrín rẹ̀ lè gba omi oògùn tí wọ́n máa fún un sínú iṣan kí iṣan lè hàn. Dókítà bi í bóyá ó ní ikọ́ fée, nítorí oògùn tó ń rọ ọkàn lè ṣe àwọn tó ní in ní jàǹbá. Kò ní in. Ó wá fún un ní oògùn náà.

Nígbà tí a padà dé, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 57. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ayọ̀ pe Ìyá sínú yàrá, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe mí sínú, tí yóò sì dá èémí dúró, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ó sọ àwọn ohun mìíràn tí wọ́n fi ń dín ìtànṣán kù fún wa.

Èkíní, ó ní ibi tí ọkàn bá gùn dé nìkan ni òun máa yà. Kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun kí òun tó parí sí ikùn. Èkejì, agbára iná tó ń ti ìtànṣán jáde. Tẹ́lẹ̀, 120 kilovolt ni wọ́n ń lò fún gbogbo èèyàn. Fún ẹni tí kò sanra bí Ìyá, 100 ti tó, omi oògùn inú iṣan a sì máa mọ́lẹ̀ sí i nínú àwòrán. Wọ́n ti dán èyí wò lára 400 èèyàn, ìtànṣán fi nǹkan bí 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, àwòrán kò sì bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti kọ̀ǹpútà. Bí ìtànṣán bá dín kù, àwòrán a máa ní ohun kan bí iyanrìn lójú. Bí a bá dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, iyanrìn náà á di ìlọ́po méjì. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ní ìṣirò tó ń sẹ́ iyanrìn náà kúrò, bí ẹni ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún wa. Bí a bá sẹ́ ẹ jù, àwòrán á máa dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, ibi tí iṣan ti fún díẹ̀ sì lè sá pamọ́ fún dókítà. Ó ní: “Ẹ máa ná an, ṣùgbọ́n ẹ má ná an di ọ̀fẹ́. Àwòrán tí kò ṣeé kà, bó ti wù kí ìtànṣán rẹ̀ kéré tó, òfò ni, torí a ó tún un ṣe.”

Wọ́n tì Ìyá wọlé. Iṣẹ́ ìyàwòrán náà fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé omi oògùn náà gbóná lára òun bí ẹni gbé sódábì mì. Ohun kejì tó sọ ni: “Èló ni wọ́n gbà?”

A ti bèèrè. Iye náà máa ń wà lára èsì. Wọ́n ń pè é ní DLP. Ti Ìyá jẹ́ 170. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.014, ó sì fún wa ní nǹkan bí 2.4 mSv. A ní: “Ìyá, ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún kan ni wọ́n gbà.” Ó ní a mọ ọjà ná.

Àwòrán náà mọ́ kedere. Iṣan kan ti fún dé nǹkan bí ìdajì, kò dí. Kò nílò iṣẹ́ abẹ. Dókítà kọ oògùn fún un, ó ní kó dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, kó máa rìn. Títí di òní, Ìyá ń lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ń gbé garawa.

A kò lè sọ pé scanner ì bá ti gba Bàbá là. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó sọ ohun tó ń ṣe é fún wa, àwa sì ní ata ni. Ìyẹn kò kúrò lọ́kàn wa.

Ẹ̀yin ará, bí àyà bá ń fún èèyàn yín, ẹ má pe ata lẹ́jọ́, ẹ gbé e lọ. Bí dókítà bá ní kó ṣe scanner ọkàn, ẹ bi í pé kí ni ó fẹ́ rí níbẹ̀, àti bóyá àyẹ̀wò tí kò ní ìtànṣán lè sọ ọ́. Ẹ sọ àwọn scanner tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún un. Bí obìnrin bá lóyún tàbí tó fura, kó sọ ọ́ kó tó wọlé. Ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n máa rọ ọkàn kí wọ́n tó yà á, ṣé ìgbà ìsinmi ọkàn nìkan ni ìtànṣán máa tàn, ṣé wọ́n máa wo bí ara èèyàn náà ṣe tóbi tó. Ẹ gba èsì náà, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ wo iye tó wà lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bá ní kí ẹ lọ, kí ẹ padà wá, ẹ má ṣe ohun tí àwa ṣe. Ó lè jẹ́ pé owó ara ìyá yín ló ń bá yín ṣọ́.

Obì Ìyá ṣì wà nídìí ìró rẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ rí dókítà, ilé ló ń gbé e sí. Ó ní àdúrà tí òun fi obì gbà lọ́jọ́ yẹn ti gbà, ẹnu òun ni kò yẹ kó yá.

Kí Ọlọ́run dá àwọn òbí wa sí.